"Adènà" kọ́ ni peptide yẹn: ọwọ́ antibody ló ń dí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yọ́ kọ lánàá. Wọ́n ní peptide àtọwọ́dá (ègé purotéènì kúkúrú) tí àwọn ará láàbù fi ń yẹ antibody wò nídìí purotéènì surfactant, ohun tó ń bo inú ẹ̀dọ̀fóró, "adènà-purotéènì-ẹ̀dọ̀fóró" ni ká máa pè é. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì parọ́.

Ta ni wọ́n dènà dè? SP-B, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì surfactant, jókòó síbi tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Antibody, ìyẹn purotéènì tó máa ń di ohun kan pàtó mú, ló ń wá a kiri nínú ẹran ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; kì í mọ gbogbo ara SP-B, ibì kan péré lára rẹ̀ ló mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n to amino acid rẹ̀ (àwọn ẹyọ tí purotéènì fi ń di odidi) lọ́kọ̀ọ̀kan ní láàbù, ìyẹn ló di peptide. Wọ́n á pò ó mọ́ antibody, peptide á pọ̀ jù ú lọ dáadáa, kí wọ́n tó wá dà á sórí ẹran. Kí antibody tó débẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì tó fi ń di nǹkan mú ti kún. Bí àwọ̀ tó máa ń hàn níbi tí antibody bá ti di nǹkan mú kò bá hàn mọ́, ibi tí wọ́n ní ó mọ̀ yẹn ló ń dì mú tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣì hàn, nǹkan mìíràn ló ń dì mú.

Kí ni Yorùbá ń sọ nípa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún? Ọwọ́ rẹ̀ dí. Adílọ́wọ́ ni mo fi síwájú yín. Ohùn òkè ni "dí" o! Ẹni tó bá kọ ọ́ ní "dì" ti sọ ọ́ di okùn.

Àbúrò wa kan ní LAUTECH ní "adínilọ́wọ́" ló yẹ. Rárá. Atọ́nisọ́nà, apanilẹ́rìn-ín, akọ́nimọ̀ọ́gbá: ènìyàn ni "ni" inú gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ènìyàn wo ló wà nínú ìgò antibody? Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó ń ká mi lára nìyí. Ọ̀rá àti purotéènì ni surfactant, òun ló ń bo inú àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀ nígbà tí a bá mí síta. Láti 1959 ni àwọn olùwádìí méjì, Mary Ellen Avery àti Jere Mead, ti fi hàn pé àìtó rẹ̀ ló wà nídìí àìlèmí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọmọ tí wọ́n bá sì bí láìní SP-B rárá kì í sábà pẹ́ láyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí orúkọ tí ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ á rò pé ohun tó ń gba èémí lẹ́nu ọmọ ló wà nínú ìgò náà!

Ẹ̀gbọ́n wa tún ní ká ju "ẹ̀dọ̀fóró" nù, ká máa sọ "fùkù", torí pé "ẹ̀dọ̀" wà nínú rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, fùkù wà lórí tábìlì alápatà, ẹ̀dọ̀ náà wà níbẹ̀, owó wọn ò dọ́gba. Ẹran ni wọ́n ń tà. Ìyá mi àgbà kò pe ti ènìyàn ní fùkù rí títí wọ́n fi wọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ olùkọ́ èdè. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò wọn, àmọ́ ẹnu àwọn àgbà náà ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí "ni" yẹn ná.