Màámi ò fẹ́ dìde lórí àga mọ́ látìgbà tí wọ́n ti fi ọjà sílẹ̀, kí la lè ṣe?

Ọmọ_Ẹlẹ́ja

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ màámi ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ọdún 71 ni wọ́n. Ẹja ni wọ́n ń tà ní ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́ látìgbà tí mo ti gbọ́njú, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí wọ́n á ti wà létí omi ń dúró de àwọn apẹja, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á gbé agbọ̀n, wọ́n á wà lórí ìdúró títí oòrùn á fi mú, mi ò gbọ́ kí wọ́n ní ẹsẹ̀ ń ro àwọn rí. Nígbà tó wá di pé èmi àtàwọn ẹ̀gbọ́n mi ń rí tọ́rọ́ kọ́bọ̀, a ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n wá jẹun ọmọ. A gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún wọn, a ra tẹlifísàn ńlá, a ń san owó DSTV lóṣooṣù. Àtìgbà yẹn gan-an ni ara wọn ti ń yí padà.

Tí wọ́n bá ti jókòó sórí àga láàárọ̀, ó parí nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n á ti sùn, ibẹ̀ lalẹ́ ti máa bá wọn. Ẹsẹ̀ ń wú, orúnkún ń ro wọ́n, kí wọ́n tó dìde wọ́n á di apá àga mú, wọ́n á pe Ọlọ́run, wọ́n á pe bàbá wọn tó ti kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀, ó kọ oògùn, ó ní kí wọ́n máa rìn. Wọn ò rìn o. Mo ra kánfáàsì fún wọn, wọ́n bi mí pé ta ló fẹ́ sáré. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ń fi fídíò eksasáìsì ránṣẹ́ lórí Whatsapp, àwọn arúgbó òyìnbó tó ń na apá na ẹsẹ̀, màámi á wò ó bí ẹni ń wo fíìmù, wọ́n á rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ wọn. Tí mo bá tẹnu mọ́ ọn jù wọ́n á ní "èmi ti ṣiṣẹ́ tèmi tán láyé yìí, ìwọ lọ ṣe tìẹ". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí nílé, kí lẹ ṣe? Mi ò fẹ́ kó di ìjà láàárín wa.

Ìyá_Ìbejì_Pápá

Ẹ fi màmá sílẹ̀ jàre! Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé agbọ̀n ẹja lórí, ẹ tún fẹ́ kó máa sáré káàkiri. Ẹ máa fi omi gbóná àti òróró pa ẹsẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ìsinmi ni tàgbà.

Físíò_Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú, irú màmá yín yìí la máa ń rí jù. Ìyá Ìbejì mi ò wá bá yín jà, àmọ́ ìsinmi tẹ́ ẹ ń sọ yẹn ló ń ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́. Iṣan ara ti máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ látìgbà téèyàn bá ti lé ní 30 ọdún, tó bá wá kọjá 60 ó máa ń yá sí i, ti ẹni tó jókòó sójú kan ló sì burú jù. Iṣan itan ló ń bá orúnkún gbé ara ró. Tí itan bá ti rọ, orúnkún lẹrù ń já lé, á máa ro, torí pé ó ń ro màmá ò ní dìde, torí pé wọn ò dìde itan á tún rọ sí i, bó ṣe máa ń yí po nìyẹn. Àwọn kan gbà pé tí orúnkún bá ti ń ro, rírìn á jẹ ẹ́ tán ni. Irọ́ ni. Fún làkúrègbé orúnkún, eksasáìsì wà lára ìtọ́jú táwọn oníṣègùn kọ́kọ́ máa ń ní kéèyàn ṣe, òróró lè mú kó rọrùn fún wákàtí díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò lè fi iṣan sí itan.

Ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2020 ní kí ẹni tó ti pé 65 máa rí ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ nídìí ìrìn tàbí iṣẹ́ tó ń mú kéèyàn mí sókè díẹ̀, kó ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kó sì ṣe èyí tí ò ní jẹ́ kó máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ìṣubú. Ẹ má jẹ́ kí 150 dẹ́rù bà yín o. Tẹ́lẹ̀ wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ̀rọ̀, wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò, ìṣẹ́jú mẹ́ta níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ló ń wọlé. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó ni pé màmá ṣì lè sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn ṣùgbọ́n wọn ò ní lè kọrin.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún irú wọn ni dìde-jókòó. Àga tó le, tẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri, kí wọ́n ká apá sáyà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún jókòó jẹ́jẹ́ láì já bọ́ sórí ẹ̀. Tí wọn ò bá lè ṣe é láìfọwọ́ti nǹkan, kí wọ́n fọwọ́ tì í ná, kẹ́ ẹ fi tìmùtìmù sórí àga kó ga díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí tẹlifísàn bá gbé ìpolówó wá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré. Tí Mùsùlùmí bá ni wọ́n tí wọ́n sì ti ń kírun lórí ìjókòó torí orúnkún yìí, ẹ sọ fún wọn pé dìde-jókòó yẹn wà lára ohun tó lè dá wọn padà sórí ìdúró. Mo ti rí ìyá àgbà tó kọ̀ jálẹ̀ fún wa, ọ̀rọ̀ ìrun yẹn nìkan ló gbé e dìde.

Ti ẹsẹ̀ wíwú, ẹ wo orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Amlodipine máa ń mú kí kókósẹ̀ àwọn kan wú, ẹ má fúnra yín dá a dúró o, ẹ bi dókítà. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣàdédé wú tó gbóná tó ń dùn wọ́n, ọsíbítù lọ́jọ́ náà. Tí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí òòyì ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń rìn, kí wọ́n dúró, kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán. Èmi náà ti lé ní 70, Ẹ̀pẹ́ yìí náà ni mo wà, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Físíò sòótọ́ ṣùgbọ́n ó fo ibi kan. Ẹ̀yin ọmọ ẹ gba ọjà lọ́wọ́ ìyá yín, ẹ gba ìgbálẹ̀, ẹ gba ìdí ààrò, ẹni tó ń pàṣẹ fún ogún èèyàn lọ́jà, ẹ sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá. Ẹ wá tún fi kánfáàsì lé e lọ́wọ́ pé kó máa rìn láìní ibi tó ń lọ. Ta ló máa ń rìn láìní ibi tó ń lọ níbí? Àwọn aládùúgbò á ní kí ló ṣe é.

Ohun kejì, ẹ máa ń pè é ní ọ̀lẹ, ẹ̀rù ni. Gọ́tà tí wọn ò bò, ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà tí ò yẹ kó gbà, èèyàn ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní ọdún wa yìí ìgbáròkó lè kán. A kì í sọ fún yín.

Èmi o, tá a bá ti kírun àsùbáà tán, àwa mélòó kan la jọ ń rìn lọ sí Màríńà létí ọ̀sà, kí mọ́tò tó pọ̀ lójú títì. À ń jiyàn òṣèlú lọ, à ń jiyàn bọ̀. Ẹni tí ò bá yọjú, a máa ya ilé ẹ̀ lọ wò ó, ìtìjú kí wọ́n má wá ká ọ mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì máa ń jí èèyàn ju àláàmù lọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní eksasáìsì láàárín wa. Àwọn ìyá àgbà Èkó-Ẹ̀pẹ́ ńkọ́, tí ọdún Káyókáyó bá dé, ta ló ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jó?

Lọ bi ìyá rẹ léèrè ohun tó ń ṣàárò. Má bi í nípa ẹsẹ̀.

Àgbọn_Àgbádárìgì

Bàbá ẹ ṣe é, ẹ sọ ọ́ re! Ti bàbá mi ní Àgbádárìgì, adìyẹ la rà fún wọn. Adìyẹ ò mọ Sọ́ńdè, ó fẹ́ jẹ láàárọ̀, ó fẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́, ẹyin ẹ̀ ṣáà gbọ́dọ̀ di wíwá lábẹ́ igi àgbọn, torí náà bàbá ń bẹ̀rẹ̀ wọ́n ń nàró láti òwúrọ̀ wá, wọ́n sì ń bá wọn jà bí wọ́n ṣe ń bá wa jà tẹ́lẹ̀. Àwọn àdúgbò ń rojọ́ ìgbẹ́ adìyẹ o, ìyẹn lọ̀tọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Pápá

Hmm, mo gbọ́ o. Àmọ́ tí màmá bá lọ ṣubú níta ńkọ́?

Físíò_Ìkòròdú

Ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú mà. Balùwẹ̀ tó tutù, rọ́ọ̀gì tó ká létí, iná tí wọ́n mú lóru tí màmá fẹ́ lọ tọ̀. Ẹsẹ̀ tó lágbára ló ń gba èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀, ìjókòó kọ́. Sílípáàsì tí ò di gìgísẹ̀ mú yẹn, ẹ kó o dànù, ẹ ra sàńdà tó ní okùn lẹ́yìn. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí ẹ̀ díẹ̀ ná, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ́ èèyàn tó bá dìde lójijì. Bàbá, mo gba tiyín nípa ibi tí wọ́n ń lọ yẹn.

Ọmọ_Ẹlẹ́ja

Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, Bàbá ẹ kú ọgbọ́n. Mo bi wọ́n lálẹ́ àná. Mo rò pé wọ́n á dárúkọ bàbá wa tó ti lọ, wọ́n ní ariwo Olúwo! Wọ́n ní "gbogbo ẹgbẹ́ mi wà níbẹ̀, ìròyìn ìlú á ti di àkàsù kó tó kàn mí". Ọmọ àbúrò wọn ló wà ní ìsọ̀ wọn báyìí, mo pè é lórí fóònù, inú ẹ̀ dùn débi pé ó pariwo, ó ní àwọn alájàpá tó ń wá láti Èkó ń rẹ́ òun jẹ torí òun ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń díye lé ẹja dáadáa, òun ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó ti òun dá owó lé e.

Màámi ti ní ọjọ́ Jímọ̀ ni kí àwọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń wá ìró tí wọ́n máa ró. Kẹ̀kẹ́ á já wọn sílẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ọjà, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, ọmọ ọ̀dọ̀ á tẹ̀ lé wọn. Kò sí agbọ̀n gbígbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bínú o, ó ní táwọn èèyàn bá tún rí màmá wa lọ́jà wọ́n á ní a ò tọ́jú wọn.

Bàbá_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń tijú, ìyá rẹ ò tijú. Sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Físíò_Ìkòròdú

Tó bá ṣeé ṣe ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tó bá yá, kí wọ́n má ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní àṣejù kí wọ́n wá fi ọjọ́ tó kù dùbúlẹ̀. Omi mímu o, kí wọ́n sì lo oògùn kí wọ́n tó jáde. Tí orúnkún bá ro díẹ̀ tí ìrora sì ti lọ kó tó di ọjọ́ kejì, kò sí wàhálà. Dìde-jókòó ìpolówó yẹn ṣì ń lọ o, ọjà ò ní kí wọ́n má ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_Pápá

Tí wọ́n bá dé ìsọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ ẹ bá mi bi wọ́n iye tí ọ̀bọ̀kún ń lọ, kí wọ́n má fi iye àwọn ará Èkó kọ́ mi lọ́rùn.