Ẹ gbà mí o: extension tó ń dá iná pa yìí, ṣé kí n rà á?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bílì iná tó wọlé lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi níjì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n ra extension kan tó jẹ́ pé bí mo bá ti pa tẹlifíṣọ̀n, á pa gbogbo ohun tó kù fúnra rẹ̀. £20 ni wọ́n ń tà á. Ṣé owó ò ní ṣòfò?

Oníná Manchester: Ẹ kú ilé, Ìyá Ìbejì. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ẹ má tíì náwó. Ojú ihò kan lára rẹ̀ ni ọ̀gá, ibẹ̀ lẹ ó ki tẹlifíṣọ̀n sí. Ó ń ṣọ́ iná tí ọ̀gá ń fà. Bí iná náà bá ti já wálẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ ti tẹ rìmóòtù, á sì gé iná àwọn ihò yòókù. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò kú, ṣe ló ń tòògbé.

Ìṣirò ibẹ̀ rèé. Wáàtì 1 tó ń jó tọ̀sán-tòru fún ọdún kan jẹ́ yúníìtì 8.76. Bí yúníìtì bá jẹ́ 25p, £2.19 ni. Tẹlifíṣọ̀n tuntun kì í sábà fa ju ìdajì wáàtì lọ bó bá ń tòògbé. Òfin Yúróòpù ló fi í sí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè rí £20 yín gbà padà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá kiri. Ẹ wá mítà kékeré tó ń wọ ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Láíbìrì mìíràn a máa yáni lọ́fẹ̀ẹ́.

Sìsí Croydon: Ẹ má ki router bọ̀ ọ́ o! Èmi ṣe é. Mo pa tẹlifíṣọ̀n kí n lọ sùn, íntánẹ́ẹ̀tì kú mọ́ ọkọ mi lójú lẹ́nu ìpàdé. Ojú tó fi wò mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má bi mí.

Oníná Manchester: 😂 Ẹ má ki printer oní-ínkì síbẹ̀ náà, bí iná bá ń dé tó ń lọ, á máa fi ínkì fọ ẹnu ara rẹ̀ ṣáá. Híítà àti kẹ́tùrù, èèwọ̀ ni lórí extension.

Ọmọ Ìbàdàn, Luton: Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mọ́mì mi nílé?

Oníná Manchester: Púlọ́ọ̀gì wọn bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n NEPA ti ń bá mọ́mì gé e lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ̀gbọ́n, mo rí mítà yá. Tẹlifíṣọ̀n, mítà ò tilẹ̀ ka nǹkan kan. Géèmù àwọn ìbejì nìyẹn: wáàtì 11, a ò sì tàn án! Amplifier bàbá wọn, 9.

Oníná Manchester: Ẹ wọ inú settings géèmù yẹn, ẹ pa èyí tó ń jẹ́ kó yára tàn. Ti amplifier, ṣé súwíìsì ò sí lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri yín ni?

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ó wà o. Kọ́bọ́ọ̀dù ló dí i lójú. Bàbá Ìbejì ti ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, ó ń kùn.