Dísẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́ nínú táǹkì, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Hackney: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ́ńjìnnì narrowboat mi, ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí canal (odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́), kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́nu Old Ford Lock, kò sì jí mọ́. Mo tú ife abẹ́ fílítà, ohun tó wà níbẹ̀ dúdú bí àmàlà, ó ń yọ̀. Táǹkì 200 lítà ni, kò ní ojú kankan téèyàn lè ṣí wo inú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí wọ́n gbà kí ọkọ̀ mi dúró níbí ń pé lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti ra pọ́ǹpù 12V àti Racor 500, fílítà tó ń ya omi kúrò lára dísẹ́ẹ̀lì, kí n máa fi sẹ dísẹ́ẹ̀lì náà lọ sẹ ẹ́ bọ̀ títí á fi mọ́. Ṣé kí n kàn fi T, ìsopọ̀ páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta, já páìpù tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì? Ibo ni pọ́ǹpù máa wà? Ibo ni return, páìpù tó ń dá dísẹ́ẹ̀lì padà, máa gbà wọ táǹkì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn kíá.

Ìyá Ìbejì, Birmingham: Fara balẹ̀. Má fi T kankan síbẹ̀. Pọ́ǹpù rẹ á máa fa bí 120 lítà ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì narrowboat ò sì mu ju lítà kan sí méjì lọ. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń mu lẹ́nu páìpù kan, pọ́ǹpù ló máa borí, afẹ́fẹ́ ló máa kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀wẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹnu páìpù ẹ́ńjìnnì kúrò nílẹ̀ táǹkì ni, bíi 25 sí 40 mm, kó má baà kó ìdọ̀tí. Ẹ̀gbin tó o ń wá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Èyí tó mọ́ lo máa máa sẹ, wàá fi èyí tó dọ̀tí sílẹ̀. Páìpù tìẹ gbọ́dọ̀ dá wà: 10 mm, kí o gé ẹnu ẹ̀ dágun, kó sún mọ́ ilẹ̀ táǹkì tó 5 sí 10 mm, ní apá ìdí ọkọ̀, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń rì jù, ibẹ̀ lomi ń kó sí.

Àbúrò Tottenham: Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà, dísẹ́ẹ̀lì tuntun, fílítà ẹ́ńjìnnì tuntun, yọ afẹ́fẹ́, ó parí. Return ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ wọ inú kẹ́ẹ̀gì yẹn o! Bó bá ń padà sí táǹkì, kẹ́ẹ̀gì á tètè gbẹ, dísẹ́ẹ̀lì tó o fowó rà á sì máa dà sínú ẹ̀gbin. Kọ̀wé sí CRT (Canal & River Trust, àwọn tó ń bójú tó canal) lálẹ́ yìí pé ẹ́ńjìnnì kú. Ẹni tó bá tètè sọ, wọ́n sábà máa ń fún un láyè.

Ẹ̀gbọ́n Salford: Ọ̀rọ̀ ti pọ́ǹpù: òun ni kó ṣáájú, kí fílítà tẹ̀ lé e. Bí pọ́ǹpù bá wà lẹ́yìn, tí fílítà wá ń dí, agbára ẹ̀ á já wálẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí kò fún dáadáa níhà tó ń fà kì í sì í jò síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà wọlé, o lè wá a títí ilẹ̀ á fi mọ́. Níhà tó ń tì, ó máa jò, wàá fojú rí i.

Àǹtí Bristol: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má kọ́ ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀. Bí omi ìsàlẹ̀ táǹkì bá kọ́kọ́ gba inú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á lù ú wẹ́wẹ́ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kán omi tó tóbi ni Racor mọ̀ ọ́n yà: ó ń fi dísẹ́ẹ̀lì pòyì kí omi tó wúwo lè bọ́ sínú ife. Èyí tó ti lú mọ́ra á bá dísẹ́ẹ̀lì kọjá, á padà sílé. Táǹkì, fílítà, pọ́ǹpù, táǹkì. Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Ra géèjì vacuum, tó ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń fà, sórí Racor, kí o kọ iye tó fi hàn sílẹ̀ nígbà tí fílítà bá ṣì jẹ́ tuntun. Tó bá ti ń sún mọ́ 7 inHg lójú géèjì, pààrọ̀ fílítà náà.

Ẹ̀gbọ́n Salford: Afẹ́fẹ́ ńkọ́?

Àǹtí Bristol: Èèyàn ń rí inú ife Racor kedere. Bó bá ń hó kuru kuru, ibì kan ń fa afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Salford: Ó dáa, bí omi bá pọ̀. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ nìkan, mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá Ìbejì, Birmingham: Ẹrẹ̀ wo ló wà níbẹ̀ láìsí omi? Ibi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé ni àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń ba dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ ń gbé.

Alága, Liverpool: Racor wo lo rà, FG àbí MA? Wo ara ẹ̀. MA ló ní abọ́ irin tó ń gba iná lábẹ́ ife. Èyí tí ò ní in, ẹni tó ń wo ọkọ̀ fún BSS (Boat Safety Scheme, ètò ààbò ọkọ̀ ojú omi) ò ní jẹ́ kó wà nínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Họ́ọ̀sì, ISO 7840, ìlànà họ́ọ̀sì epo tí iná ò tètè jó, gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ ní kíkọ. Má sì fi téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà wé ojú nọ́ọ̀tì, fọ́nrán ẹ̀ á já, á lọ há sínú fáàfù. Ọ̀dà tí dísẹ́ẹ̀lì ò lè yọ́ ni kí o lò.

Àbúrò Tottenham: 120 lítà ní wákàtí kan, táǹkì 200. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, ó tán nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Birmingham: Kò tíì tán rárá! Èyí tó mọ́ ń padà lọ bá èyí tó dọ̀tí dàpọ̀ ni. Ìyípo kan, bíi 63 nínú 100 ló ti gba fílítà kọjá. Mẹ́ta, 95. Márùn-ún, 99. Wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú nìyẹn, pọ́ǹpù tó ń jẹ 3A á sì mu 25Ah nínú bátìrì. Fílítà tí ihò ẹ̀ jẹ́ 30 micron ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, 2010PM, èyí tó pupa. 2010TM tẹ̀ lé e, 10 micron. 2010SM, 2 micron, ló kẹ́yìn. Bó o bá fi 2 bẹ̀rẹ̀, yóò dí kí tíì rẹ tó hó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Hackney: Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé kí n da oògùn kòkòrò sí i kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí Bristol: Oògùn á pa wọ́n, òkú wọn ò sì ní rìn jáde fúnra ẹ̀, fílítà ló máa lọ dí. Kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò títí èyí tó mọ́ á fi máa jáde. Lẹ́yìn náà, oògùn ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀, kí o wá máa sẹ ẹ́. Má da ẹ̀gbin yẹn sínú canal o! Sì wo rọ́bà ìdérí ibi tó o ń da dísẹ́ẹ̀lì sí. Bó bá ti sán, gbogbo òjò London ló ń gba ibẹ̀ wọlé, wàá kàn máa sẹ omi òjò ni.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Hackney: Ó ti sán.

Àbúrò Tottenham: Háà! Ìyá Ìbejì àti Àǹtí, ẹ gbọ́n ju mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ lọ o.

Ìyá Ìbejì, Birmingham: Birmingham ni wọ́n ń pe ibí. Máìlì canal wa ju ti Venice lọ, kí ẹ̀yin ará London tó ń tò lẹ́yìn ara yín níbi táàpù omi lọ fìdí mọ́lẹ̀.

Alága, Liverpool: Ẹ̀yin tí ẹ ò rí òkun rí! Leeds and Liverpool, máìlì 127. Kò sí canal kan tí wọ́n gbẹ́ bí odidi kan ṣoṣo tó gùn tó o ní Britain.

Ẹ̀gbọ́n Salford: Ará Liverpool, owó ibùdókọ̀ tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ló jẹ́ kí Manchester gbẹ́ tirẹ̀, ó ṣí i ní 1894, kí ọkọ̀ òkun lè máa wọlé tààrà.

Alága, Liverpool: Odò Mersey wa náà ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Ẹ kí wa tẹ́ ẹ bá ń kọjá.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Hackney: Ẹ̀yin àgbà, return ńkọ́? Táǹkì tí ò lójú yìí, ibo ni kí n lu ihò sí?

Ẹ̀gbọ́n Salford: Òkè ni, ní ìpẹ̀kun kejì síbi tó o ti ń fà, kí dísẹ́ẹ̀lì tó ń padà lè gbá ìdọ̀tí wá sẹ́nu páìpù. Fi gíríìsì kún ẹnu dríìlì, kí ẹ̀rún irin lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọwọ́ á ṣe dé inú láti di nọ́ọ̀tì mú, ìyẹn nìkan…

Àǹtí Bristol: Ẹ wo ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ọkọ̀ kú mọ́ lọ́wọ́! Bí wọ́n bá gbọ́ ní Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Hackney: Pẹtiróòlù ni ẹ́ńjìnnì Yamaha tiwa nílé ń mu, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ tún wá dárúkọ Olúwo. Ẹja tútù ibẹ̀, nínú ìkòkórè…

Àbúrò Tottenham: Ewùrà wà ní ọjà Ridley Road, o ò jìnnà síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Birmingham: Ewùrà Ridley Road kẹ̀? Èyí tí wọ́n ń gé sí méjì kí wọ́n tó tà á? Ẹ wá ra odidi ní Birmingham.

Ẹ̀gbọ́n Salford: Ìwọ̀n kílò wo lẹ ń ra tiyín?