Swiss chard kún ẹ̀yìnkùlé mi, àmọ́ tí mo bá rò ó ó ń domi, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ Swiss chard, ẹ̀fọ́ òyìnbó kan báyìí, ni mo gbé wá. Oṣù kẹrin ni mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé, páálí kékeré kan péré ni mo rà, èyí tí igi ẹ̀ máa ń ní oríṣiríṣi àwọ̀, pupa, yẹ́lò, funfun, tí wọ́n ń pè ní Bright Lights. Mo rò pé díẹ̀ ló máa hù, àfi bí gbogbo ẹ̀ ṣe hù, kódà ojú ibi tí mo sọ kóró kan ṣoṣo sí, mẹ́ta mẹ́rin ló yọ níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó fà á. Ní báyìí tá a wà nínú oṣù keje ewé ẹ̀ ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ, tí mo bá já a lónìí, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì ó ti tún kún.

Sísè ẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ẹ̀fọ́ rírò ló wù mí kí n máa fi ṣe, torí tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa níbí wọ́n gan-an ó sì ti máa ń rọ kó tó dọ́wọ́ mi. Mo rẹ́ chard yìí tigi tewé, mo bọ̀ ọ́, mo dà á sínú ata. Nígbà àkọ́kọ́ ṣe ló domi, epo wà lọ́tọ̀ omi wà lọ́tọ̀. Nígbà kejì ewé jinná, igi ò jinná. Ọkọ mi ní ó ń rùn bí ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Màmá mi ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ lóṣù tó ń bọ̀, ó wù mí gan-an kí n gbé ẹ̀fọ́ tí mo fọwọ́ ara mi gbìn síwájú wọn. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Àwọn ewé kan tún wà tí ìlà funfun wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára wọn, tó bá pẹ́ ojú ibẹ̀ á gbẹ á di bráwùn, kí nìyẹn náà?

Bàbá Ọlọ́gbà, Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ọdún 14 rèé tí mo ti ń dáko sórí allotment, ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń háyà fún èèyàn láti fi dáko, níbí, kò sí ọdún tí mi ò gbin chard.

Ohun tẹ́ ẹ pè ní kóró kan yẹn, kì í ṣe kóró kan, kóró méjì mẹ́ta mẹ́rin ló lẹ̀ pọ̀ sínú èèpo kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti beetroot, torí nǹkan kan náà ni wọ́n, èyí tí wọ́n ń jẹ ìdí ẹ̀ ni beetroot, èyí tí wọ́n ń jẹ ewé ẹ̀ ni chard. Tó bá ti hù báyẹn ẹ fi ẹyọ kan tó lágbára jù sílẹ̀ kẹ́ ẹ fa ìyókù tu, kí àyè tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30 wà láàárín ìkan sí ìkejì. Èyí tẹ́ ẹ fà tu ẹ má dà á nù, òun ló rọ̀ jù lẹ́nu.

Ti ìlà yẹn, kòkòrò ni. Eṣinṣin kan ló ń yé ẹyin funfun kéékèèké sábẹ́ ewé, wọ́n á tò síbẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra, tó bá pa, ìdin ẹ̀ á wọnú ewé lọ, á máa jẹ láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn fífín kì í fi í fi bẹ́ẹ̀ ràn án, kòkòrò ọ̀hún ò sí lójú ewé tí oògùn á ti bà á. Ẹ já gbogbo ewé tó bá ní ìlà, ẹ má dà á sórí ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe ajílẹ̀ o, ẹ dì í sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ jù ú sí bíìnì. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ẹ máa ṣí abẹ́ ewé wò, tẹ́ ẹ bá rí ẹyin ẹ fi àtàǹpàkò pa á rẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ta nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ bò ó látọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbìn ín, àmọ́ kó má jẹ́ ojú ibi tó wà lọ́dún yìí, torí inú ilẹ̀ ni kòkòrò yẹn ń sá òtútù sí, tẹ́ ẹ bá ta nẹ́ẹ̀tì lé e lórí, inú nẹ́ẹ̀tì ló máa ti jáde wá.

Ewé ìta ni kẹ́ ẹ máa já, ẹ má fọwọ́ kan ọmọ ewé tó wà láàárín. Ẹ má sì jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́, tí ilẹ̀ bá gbẹ jù á ta ọ̀pá sókè láti so, ewé ẹ̀ á wá korò. Tí òtútù ò bá pa á, á tún rúwé nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ, kó tó wá so kó sì kú, ọdún méjì lẹ̀mí ẹ̀. Ti ọbẹ̀, ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ káwọn tó ń sè é dáhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti jìyà yìí rí, ẹ fọkàn balẹ̀. Níbí, oṣù kẹwàá la máa ń gbìn ín, a ó máa já a títí dìgbà tóoru bá dé, tóoru bá ti mú ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ má sè igi àti ewé pọ̀ mọ́ o, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gba ẹ̀gbẹ́ igi yẹn lápá ọ̀tún lápá òsì kí ewé bọ́ kúrò. Igi ẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí àlùbọ́sà. Ewé, ẹ ká a pọ̀ kẹ́ ẹ rẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kó kúnná jù. Ẹ gbé omi kaná, tó bá ń hó yaya ẹ da ewé sí i, ìṣẹ́jú kan sí méjì péré, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da omi tútù lé e, ẹ wá fún un. Fífún yẹn lágbára jù nínú gbogbo ẹ̀ o! Ẹ bù ú ní ẹ̀kún ọwọ́ kan kan, ẹ fún un títí kò fi ní sómi tó ń kán mọ́, chard lómi ju tẹ̀tẹ̀ lọ, ẹ̀kún ìkòkò á di bí ẹ̀kún abọ́ kékeré, ẹ má bẹ̀rù. Omi tẹ́ ẹ fi bọ̀ ọ́ ẹ dà á nù, òórùn ilẹ̀ yẹn ń bá a lọ díẹ̀.

Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà, ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ kó tó rí epo. Ẹ gbé epo pupa kaná, àlùbọ́sà àti igi chard tẹ́ ẹ gé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ dà sí i, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú méje mẹ́jọ títí á fi rọ̀, kí irú tó wọlé. Irú ni kẹ́ ẹ dà sí i dáadáa, òun àti edé ló ń bo òórùn yẹn mọ́lẹ̀. Ata á tẹ̀ lé e, panla, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ohun tó bá wù yín. Ìgbà tí epo bá ti léfòó lẹ tó máa da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ rò ó pọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ má dé e. Tẹ́ ẹ bá dé e á tún sómi.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gúsí lẹ fẹ́ sè, èyí tí igi ẹ̀ funfun ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó pupa máa ń pa àwọ̀ ọbẹ̀ dà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Birmingham

Mo fẹ́ fi kiní kan kún un torí ìyá tó ń bọ̀. Tí màmá bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má ṣàdédé máa fún wọn ní chard púpọ̀ o, vitamin K inú ẹ̀ pọ̀ gan-an ó sì ń dín agbára oògùn yẹn kù, ẹ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá ti ní òkúta inú kíndìnrín rí náà, kó rọra jẹ ẹ́, oxalate, èròjà tó lè di òkúta yẹn, pọ̀ nínú ẹ̀. Bíbọ̀ àti dída omi ẹ̀ nù tí àbúrò sọ yẹn ń dín in kù. Ẹ má sì fi káún sí i kó lè rọ̀, ó ń pa vitamin C.

Ará Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá wa, ṣé ó lè hù lọ́dọ̀ tiwa níbí?

Bàbá Ọlọ́gbà, Lọ́ńdọ̀nù

Ó lè hù, pàápàá tẹ́ ẹ bá fi ìbòòji díẹ̀ bò ó lọ́sàn-án, àmọ́ ilẹ̀ tútù bíi ti Jọ́ọ̀sì ló wù ú jù. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà n'Ìbàdàn, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni màá gbìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀tẹ̀ ti tó já, chard á lo bí oṣù méjì. Ẹbí kan náà sì ni gbogbo wọn, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, chard.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Mo ti padà dé o. Ṣátidé ni mo sè é. Mo fún ẹ̀fọ́ yẹn títí ọwọ́ fi ń ro mí, omi ò jáde mọ́ rárá, epo rẹ́ mọ́ ọn lára dáadáa. Iyán la fi jẹ ẹ́, ọkọ mi bù ú lẹ́ẹ̀mejì, Táíwò jẹ tiẹ̀ tán, Kẹ́hìndé ṣa ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ó jẹ pọ̀nmọ́. Bàbá, mo rí ẹyin yẹn lábẹ́ ewé mẹ́fà, mo ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Nọ́ọ̀sì, mo pe màmá, wọn ò lo warfarin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, ẹ ṣé gan-an. Mo ti bọ ìyókù, mo fún un, mo dì í sínú ọ̀rá mẹ́rin sí fíríìsà, mi ò ní já ewé kankan mọ́ títí wọ́n á fi dé, kí àwọn fúnra wọn lè wọ ẹ̀yìnkùlé lọ já a.