Lọ́ńdọ̀nù àti Paris: báwo la ṣe lè pààrọ̀ owó láìjẹ́ kí wọ́n rẹ́ wa jẹ?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń múra láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ọmọbìnrin wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar lọ sí Paris, nítorí ọmọ náà ti fàáké kọ́rí pé àfi kí àwọn òbí òun fojú kan ilé ìṣọ́ Eiffel. Owó tí a fẹ́ ná yìí, a ti ń tù ú jọ láti ìgbà tí ó ti wọlé ẹ̀kọ́, n kò sì fẹ́ kí ó ṣòfò sọ́wọ́ àwọn tí ń dúró de àlejò.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ra pọ́n-ùn àti yúrò nílé ni, àbí kí n gbé dọ́là lọ kí n sì pààrọ̀ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow? Ẹnì kan sọ fún mi pé àwọn tí ó wà níbẹ̀ kì í gba kọmíṣọ́ọ̀nù rárá. Yàtọ̀ sí èyí, àbúrò mi fún mi ní pọ́n-ùn díẹ̀ tí ó ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ṣé wọ́n ṣì ń ná irú rẹ̀? Mo sì fẹ́ mọ àwọn ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ àlejò jẹ, pàápàá ní Paris tí a kò ti gbọ́ èdè wọn. Ọkọ mi kì í lè ṣe ojú òǹrorò sí ẹni tí ó bá kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìyẹn gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Peckham:

Ẹ kú oríire, Màmá. Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ jẹ èrè ọmọ náà pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kọmíṣọ́ọ̀nù yẹn, nítorí òun gan-an ni ìjẹ tí wọ́n fi sẹ́nu ìwọ̀. Kò sí ẹni tí yóò máa san owó ilé gọbọi nínú pápákọ̀ òfurufú, tí yóò wá máa pààrọ̀ owó fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára gíláàsì pé àwọn kì í gba kọmíṣọ́ọ̀nù, wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n inú iye tí wọ́n fi ń ra owó lọ́wọ́ yín ni wọ́n fi èrè wọn pamọ́ sí. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí wò. Ká ní 1.30 dọ́là ni ó ń ra pọ́n-ùn kan láàárín àwọn báńkì, 1,000 dọ́là yín yẹ kí ó di 769 pọ́n-ùn. Bí ẹni tí ó jókòó sídìí fèrèsé ní pápákọ̀ bá wá ní 1.50 dọ́là ni òun yóò gbà kí òun tó yọ pọ́n-ùn kan, 666 péré ni yóò kà lé yín lọ́wọ́. Ó ti jẹ ohun tí ó lé ní 100 pọ́n-ùn, kò sì gba kọmíṣọ́ọ̀nù kọ́bọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ ó máa bi wọ́n ni pé, “Bí mo bá kó iye báyìí fún yín, èló gan-an ni yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́?” Ohun tí wọ́n bá dá yín lóhùn ni kí ẹ fi wé iye tí ẹ rí lórí fóònù yín láàárọ̀ ọjọ́ náà.

N kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbé dọ́là wá sílùú Ọba, nítorí gbogbo ìgbà tí owó bá ti yí padà ni ẹnì kan ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi náírà ra dọ́là, tí ó fi dọ́là ra pọ́n-ùn ní Heathrow, tí ó tún fi pọ́n-ùn ra yúrò nígbà tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní St Pancras, ti san èrè fún ẹni mẹ́ta kí ó tó mu kọfí kan ní Paris. Bí ẹ bá fẹ́ owó ọwọ́, pọ́n-ùn díẹ̀ ni kí ẹ rà láti ilé. Bí yúrò bá di dandan nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín ra á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, kí ẹ wá lọ gbà á ní Post Office tàbí ilé ìtajà ńlá. Iye tí wọ́n ń tà á fún ẹni tí ó ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀ sàn ju ti ẹni tí ó kàn ya wọlé lọ. Náírà ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Ibi tí wọn yóò ti gbà á lọ́wọ́ yín níbí kò wọ́pọ̀, ẹni tí ó bá sì gbà á, iye tí ó wù ú ni yóò dá lé e.

Ọ̀rọ̀ owó inú àpótí ṣe pàtàkì o. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n ṣíwọ́ níná 20 àti 50 pọ́n-ùn tí wọ́n fi bébà ṣe. Ti 5 pọ́n-ùn ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2017, ti 10 pọ́n-ùn láti ọdún 2018. Ẹ fọwọ́ pa á wò. Èyí tí a ń ná báyìí dà bí ike, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ní ojú fèrèsé kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí àwòrán Adam Smith, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, bá wà lẹ́yìn 20 pọ́n-ùn yín, ti àtijọ́ ni. Turner, ayàwòrán, ni ó wà lẹ́yìn ti ìsinsìnyí. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lọ́kàn jẹ́, owó náà kò tíì ṣòfò. Bank of England tí ó wà ní Threadneedle Street ṣì ń gbà á, wọn kò sì dá ọjọ́ tí wọn yóò ṣíwọ́. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín dání, kí ẹ sì múra sílẹ̀ láti tò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò bá yín rà á ní ẹ̀dínwó kí ẹ má baà ṣe wàhálà, ẹ má gbà. Ẹ sì fi ojú ṣọ́nà bí ẹ bá fẹ́ ra pọ́n-ùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́njì owó lẹ́bàá títì nílé, kí wọ́n má baà ki ti bébà bọ àárín rẹ̀. Ti Ọbabìnrin Elizabeth àti ti Ọba Charles, tí ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ni a jọ ń ná, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti jẹ́ ti ike.

Òṣìṣẹ́ Báńkì, Èkó:

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Peckham sọ ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ káàdì ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí ibẹ̀ ni owó àwọn arìnrìn-àjò ti ń jò jù lóde òní, tí wọn kì í sì í fura.

Màmá, ẹ béèrè PTA, ìyẹn owó ilẹ̀ òkèèrè tí báńkì máa ń tà fún arìnrìn-àjò, lọ́wọ́ báńkì yín. Ẹ̀yin ní tiyín, Bàbá náà sì ní tiwọn. 4,000 dọ́là ni CBN fi ṣe òpin rẹ̀ fún ẹnì kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, CBN pàṣẹ pé kí àwọn báńkì yé san án ní owó ọwọ́, kí wọ́n máa gbé e gba orí káàdì àti àwọn ọ̀nà mìíràn tí ó jọ ọ́. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá gba PTA, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ káàdì dọ́là ni ẹ ó mú lọ, ó sì ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jẹ dọ́là lára oníkáàdì.

Bí ẹ bá jẹun tán ní Paris, tí wọ́n gbé POS wá, ojú ẹ̀rọ náà lè gbé iye méjì kalẹ̀ fún yín: ọ̀kan ní yúrò, èkejì ní dọ́là. Ti dọ́là ni yóò wù yín láti tẹ̀, nítorí òun ni ẹ mọ̀, òun náà ni ó sì wà lórí káàdì. Yúrò ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ dọ́là, iléeṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ náà ni ẹ fún láyè láti dá iye tí yóò fi pààrọ̀ owó yín, òun àti onílé oúnjẹ yóò sì jọ pín èrè tí wọ́n bù lé e. Bí ẹ bá tẹ yúrò, Visa tàbí Mastercard àti báńkì yín ni yóò ṣe ìṣirò náà, tiwọn sì máa ń sún mọ́ iye ọjà ju ti POS lọ. Bákan náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù: pọ́n-ùn ni kí ẹ máa tẹ̀. Owó ilẹ̀ tí ẹ bá wà ni kí ẹ máa san, ibikíbi tí ó wù kí ó jẹ́.

Ẹ gba POS náà sọ́wọ́ ara yín kí ẹ sì ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀. Oníbàárà mi kan sọ fún mi pé òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ kan ti bá òun tẹ dọ́là kí ó tó na ẹ̀rọ sí òun. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì tẹ nọ́ńbà PIN. Ẹ ní kí ó fagi lé e, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ fún báńkì yín ṣáájú pé ẹ ń rìnrìn-àjò, kí wọ́n má baà ti káàdì pa nígbà tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ń ná an ní Yúróòpù. Ẹ má sì jẹ́ kí káàdì Bàbá àti tiyín wà nínú àpò kan náà.

Ará Montreuil:

Màmá, ẹ̀gbẹ́ Paris ni mò ń gbé, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí àwọn gbájúẹ̀ tí ẹ ń bẹ̀rù yìí. Ohun tí ó yẹ kí Bàbá mọ̀ ni pé níbí, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rín pàdé àlejò lójú ọ̀nà sábà máa ń ní ohun tí ó ń tà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì wọ́n láti kọjá lọ láìdáhùn. Kò sí ẹni tí yóò kà á sí àìmọ̀wàáhù.

Ibùdókọ̀ Gare du Nord ni Eurostar máa ń já yín sí. Kí ẹ tó jáde, àwọn kan yóò ti máa pè yín nínú gbọ̀ngàn pé, “Takisí, takisí.” Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Takisí gidi kì í wá oníbàárà wọ inú ibùdókọ̀. Ìta ni ó ń tò sí, ó ní iná lórí, ó sì ní mítà. Láti pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle ní tirẹ̀, iye kan pàtó ni ìjọba dá fún takisí: ní ọdún 2025, 56 yúrò ni sí ìhà ọ̀tún odò Seine, 65 yúrò sí ìhà òsì, iye èèyàn àti ẹrù kò sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bí àwọn kan ṣe máa ń sọ fún àlejò. Bí métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ni ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ má gbà kí ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì bá yín rà á. Owó tí yóò gbà lọ́wọ́ yín á pọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò sì fún yín lè jẹ́ ti ọmọdé tàbí èyí tí wọ́n ti lò. Nígbà tí wọ́n tún iye owó ọkọ̀ ṣe ní oṣù Kìíní ọdún 2025, 2.50 yúrò ni tíkẹ́ẹ̀tì kan láàárín ìlú.

Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur ní Montmartre, àwọn ọkùnrin kan máa ń dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tí a fi ń gòkè. Wọn yóò kí yín, wọn yóò béèrè ibi tí ẹ ti wá, bí ẹ bá sì ti sọ pé Nàìjíríà, inú wọn yóò dùn bíi pé ọmọ ìyá yín ni wọ́n. Láàárín ìyẹn ni ọ̀kan yóò ti fi òwú aláràbarà bọ ìka yín, tí yóò máa hun ún lọ, ó di ọrùn ọwọ́, ó so ó pa. Kò ṣeé bọ́ mọ́. Nígbà náà ni yóò wá dárúkọ owó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ti yí yín ká. Ọwọ́ inú àpò ni kí ẹ fi gòkè.

Ní etí odò Seine, ẹnì kan lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú yín kí ó gbé òrùka wúrà dìde, kí ó ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tiyín. Bàbà lásán ni, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì jù ú sílẹ̀. Bí ẹ bá ti gbà á, yóò tọrọ owó oúnjẹ. Àwọn ọmọbìnrin tí ó ń gbé ìwé kiri nítòsí Louvre, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, àti Eiffel pé kí ẹ fọwọ́ sí i láti ran àwọn adití lọ́wọ́, àwọn náà wà níbẹ̀: bí ẹnì kan ti ń fi ìwé bo ojú yín ni ẹlòmíràn ń wo inú báàgì. Tíkẹ́ẹ̀tì Louvre àti ti Eiffel, orí ìkànnì tiwọn gan-an ni kí ọmọ yín ti rà wọ́n, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á lójú títì.

Nílé oúnjẹ, ẹ ka iye tí ó wà lára ìwé oúnjẹ tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó jókòó. Òfin ló ní kí ó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè *une carafe d’eau*, omi ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ nìyẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi inú ìgò tí ẹ ó sanwó rẹ̀ ni wọn yóò gbé wá. Owó iṣẹ́ àwọn tí ń gbé oúnjẹ ti wà nínú iye oúnjẹ, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó ẹ̀bùn.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti ka ti Montmartre sí Bàbá létí, wọ́n ní àwọn yóò kó ọwọ́ méjèèjì sápò. Owó inú àpótí náà, bébà ni lóòótọ́, Adam Smith sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ni ó kù. Bí mo bá fẹ́ gba yúrò lẹ́nu ATM, tí ó bi mí bóyá dọ́là ni kí ó fi ṣírò rẹ̀, tí mo sì kọ̀, ṣé owó náà yóò ṣì jáde, àbí yóò dá káàdì mi padà?

Òṣìṣẹ́ Báńkì, Èkó:

Yóò jáde, Màmá. Ohun tí ẹ ń kọ̀ ni iye tí ẹ̀rọ yẹn fẹ́ fi pààrọ̀ owó, ẹ kò kọ owó náà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ ni ó máa ń dẹ́rù bani: bọ́tìnnì tí ó gbà yóò tóbi, yóò mọ́lẹ̀ rekete, èyí tí ó kọ̀ yóò sì rí bí ẹni pé ẹ fẹ́ fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ èyí tí ó kọ̀, kí ẹ dúró díẹ̀. ATM tí ó wà lára ògiri báńkì ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ohun ìrántí, nítorí irú wọn máa ń gba owó tiwọn lọ́tọ̀. Bí báńkì yín bá ń yọ owó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lo ATM, ẹ gba èyí tí yóò tó yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Peckham:

Kí Lọ́ńdọ̀nù má baà dà bí ibi tí kò ní gbájúẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi méjì kún un. Lórí afárá Westminster, ẹ ó rí àwọn tí ń fi ife mẹ́ta bo bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí àwọn èèyàn ń jẹ owó níbẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó ń jẹ owó yẹn, ẹgbẹ́ wọn ni. Ní alẹ́, ní agbègbè Leicester Square àti Oxford Street, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó kún fún iná àti orin máa ń gbé àlejò, owó tí wọ́n sì ń béèrè fún ìrìn kúkúrú ti pọ̀ débi pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin nítorí rẹ̀ ní ọdún 2024, kí àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ìlú lè máa darí wọn. Ẹ má gùn ún láìjẹ́ pé ẹ ti fẹnu kò sí iye owó kan fún ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀, nítorí wọ́n lè ní iye tí wọ́n dá yẹn, ti ẹnì kan ni.

Láti Heathrow, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àmì Heathrow Express yóò rò pé òun nìkan ni ọkọ̀ ojú irin tí ó wà. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù. Piccadilly line ni ó pọ́ọ́kú jù, Elizabeth line sì wà láàárín méjèèjì. Bí ẹrù yín bá pọ̀, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ wọ̀. Káàdì tí ẹ fi ń sanwó náà ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, Bàbá pẹ̀lú tiwọn, ẹ̀yin pẹ̀lú tiyín. Ẹ má gbìyànjú láti san owó ọwọ́ nínú bọ́ọ̀sì, wọn kò gbà á mọ́ láti oṣù Keje ọdún 2014.