Bí wọ́n bá yìn mí lẹ́yìn orin, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mo máa ń lé orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Bí ìsìn bá ti parí, àwọn ìyá ìjọ á dì mọ́ mi: "Ọmọ yìí, ìwọ lo gbé ìsìn òní ró!" Èmi náà á yára dáhùn pé, "Ọlọ́run ló ni ògo." Ẹnu lásán ni o. Nínú mi lọ́hùn-ún, orí mi ti wú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹlòmíràn ló lé orin, wọ́n yìn ín, inú mi ò sì dùn rárá. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Mo ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 12, níbi tí ìdin ti jẹ Hẹ́rọ́dù nítorí pé kò fi ògo fún Ọlọ́run. Ní orí 14, Pọ́ọ̀lù àti Bánábà fa aṣọ wọn ya nígbà táwọn ará Lísírà fẹ́ rúbọ sí wọn. (Èmi ò kúkú lè fa aṣọ akọrin ya, owó wà lára ẹ̀!)

Ṣé kí n yẹra fún orin fúngbà díẹ̀ ni? Àmọ́ Mátíù 5:16 ní kí ìmọ́lẹ̀ wa máa tàn. Ẹ̀yin tó ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe bọ́ níbẹ̀?