Oríyọ, ọgbọ́nyọ: ta ló ní ká gé orí kúrò lára ọgbọ́n?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa olùkọ́ ní Ondó ti fi iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ kíláàsì wọn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ àwa onímọ̀ èdè yìí ni mo ti ń kà á, tí mo sì ń pa ẹnu mọ́. Àná ni mo rí i tí ẹlòmíràn ní òun náà ti kọ “oríyọ” sójú pátákó fún àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ìtàn àròsọ kékeré kan ni ẹ̀gbọ́n kọ. Ọdẹ kan wọ igbó ní ẹ̀bá òkè Ìdànrè, ẹfọ̀n gbá tọ̀ ọ́. Ó sáré láti ìsàlẹ̀ títí ó fi kan ògiri àpáta, kò rí ibi gbà mọ́. Fìlà rẹ̀ já bọ́. Ẹfọ̀n dúró ti fìlà, ó ń fi ìwo gún un, ó ń fi pátákò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọdẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ àpáta sá lọ. Ìbéèrè wá ni pé: “Ṣé oríyọ ni tàbí ọgbọ́nyọ?” Oríyọ, bí ẹ̀gbọ́n ṣe là á sílẹ̀, ni kí orí kó ènìyàn yọ láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan. Ọgbọ́nyọ ni kí ó fi ọgbọ́n ojú ẹsẹ̀ yọ ara rẹ̀. Wọ́n ní Yorùbá kò ní orúkọ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn fi dá a sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti ń kọ́ ọmọ kí n tó mọ a, b, d, mi ò sì ní sọ pé mo gbọ́n jù yín lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ dá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Gbólóhùn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ ní ṣebí àwọn ènìyàn ń jẹ́ Oríyọmí. Wọ́n ń jẹ́ ẹ. Oríyọmí ní olùwà (orí), ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe (yọ), ó ní àbọ̀ (mí). Ẹ gé àbọ̀ dànù, kí ló kù? “Orí yọ.” Agbẹ̀bí ló ń sọ bẹ́ẹ̀: orí ti yọ, ìyá, ẹ rọra tì í. Ti ọgbọ́nyọ tún wá burú ju ìyẹn lọ. Bí eyín bá yọ lẹ́nu arúgbó, ẹnu ṣófo nìyẹn. Bí ọgbọ́n bá yọ lórí ọdẹ ńkọ́? Ọdẹ tí ọgbọ́n ti yọ kúrò lórí rẹ̀, ẹfọ̀n kò ní pẹ́ bá a.

Èyí tó tún fi kún un ni pé ẹ̀gbọ́n kò fi àmì kankan sí lẹ́tà àkọ́kọ́. “Ori yo” ni gbogbo wa rí. Ọ̀mọ̀wé kan láàárín wa kà á sí yọ́, wọ́n sì kọ ìpínrọ̀ gbọọrọ lórí ẹni tó yọ́ kẹ́lẹ́ kúrò nínú ewu. Èmi ní tèmi rò pé òrí ni ẹnìkan gbé sí oòrùn, tó yọ́. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, a ṣì ń bẹ ara wa, àwa tí a pe ara wa ní onímọ̀ èdè, pé ká jọ̀wọ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀mọ̀wé wa dáhùn pé àwọn ti ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì tipẹ́, kí n lọ jókòó. Mo ti jókòó. Oyè wọn kò tíì sọ yọ́ di yọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sídìí àfòmọ́, ègé kékeré tí a ń fi mọ́ ọ̀rọ̀ láti sọ ọ́ di òmíràn, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Bí a bá fẹ́ kí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ jẹ́ kó ní nǹkan níwájú: ì-, à-, a-, àì-. Àwọn tó ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè, tí Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, ṣe olóòtú rẹ̀, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo “ìperí” náà fúnra rẹ̀: ì- ló ṣíwájú, pè tẹ̀lé e, orí kẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé orí wà níbẹ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó gé e?

Irú ẹ̀ gan-an la ti ní nílẹ̀: ìmóríbọ́. Àwọn àgbà kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó sọ pé “ó mórí bọ́.” Mú, orí, bọ́. Ta ló mú? Ọdẹ ni. Kí ló mú? Orí rẹ̀. Kí ló bọ́? Orí náà ni, tòun ti ẹni tó ni ín. Nínú “orí ló kó mi yọ,” orí ni olùwà, èmi ni àbọ̀, òun ló ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n kó. Nínú “mo mórí bọ́,” èmi ni olùwà, orí ti di àbọ̀. Ìyàtọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń wá kiri wà níbi tí orí jókòó sí nínú gbólóhùn. Kí la tún fẹ́ fi oríyọ ṣe?

Ẹnìkan kọ̀wé pé ìmóríbọ́ wá láti inú orí bíbọ, pé ẹni tó bọ orí rẹ̀ ni ewu kì í pa. Jọ̀ọ́, bọ la fi ń bọ òrìṣà. Bọ́ ni fìlà bọ́. Bọ̀ ni ẹni tó lọ sóko bọ̀. Ẹ fi mẹ́ta yẹn sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí bọ́ ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀: fìlà já bọ́, ọdẹ jà bọ́. Inú èyí kejì ni a ti rí àjàbọ́. Àmì kan péré ló wà láàárín fìlà àti ọdẹ, àmì yẹn náà sì ni gbogbo ìjà tí à ń jà láti ọjọ́ yìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kù: ẹni tó ní ká lo àlùbáríkà dípò oríyọ, ìbùkún ni àlùbáríkà, kò kan fìlà ọdẹ. Ẹni tó sì ń bú u pé Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yẹn, kó lọ wá orúkọ mìíràn fún àdúrà, torí Lárúbáwá lòun náà, kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday.

Nísinsìnyí, orí àti ọgbọ́n. Ta ló sọ pé ọ̀tá ni wọ́n? Ọmọ tó mọ̀wé, a ní orí rẹ̀ pé. Ẹni tí nǹkan ṣe ẹnuure fún, a ní olóríire ni. Orí kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mú “kò sóòṣà tí í dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni” wá láti fi hàn pé orí nìkan tó. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe nǹkan là ń gbè. Ẹni tó jókòó sójú kan tó ń wo ẹfọ̀n, kí ni orí fẹ́ bá a gbè níbẹ̀?

Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, ní ìgbèríko Àkúrẹ́. Ẹfọ̀n lé wọn rí. Wọ́n bọ́ dàńsíkí wọn, wọ́n fi kọ́ orí igi kékeré kan, àwọn fúnra wọn gba ìdí ìtí igi wọ́ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lọ. Ẹfọ̀n dojú kọ dàńsíkí. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yẹn, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, “Orí ló kó mi yọ.” Wọn ò jẹ́ sọ pé ọgbọ́n ni. Ìyá àgbà á wá dáhùn láti ìdí ààrò pé, “Orí àbí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́?” Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọn ò ní fèsì. Ọdẹ ẹgbẹ́ wọn tó bá ń sọ ìtàn kan náà á ní, “Ọgbọ́n ló fi ṣe é, ọkùnrin yẹn kò rọrùn.” Ọdẹ kan tún wà tí kò fẹ́ràn wọn. Tòun ni pé, “Ṣebí orí ló kó o yọ,” èébú sì ni lẹ́nu tirẹ̀.

Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ? Ẹni tó bọ́ nínú ewu a fi ti orí ṣíwájú kó má baà dà bí ẹni ń fọ́nnu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fún un ní ọgbọ́n. Ọ̀tá á gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, á fi orí sílẹ̀ fún un. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nínú igbó. Tí ẹ bá wá kọ oríyọ tàbí ọgbọ́nyọ sójú pátákó, ẹ ti yọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kúrò, àwọn ọmọ kò sì ní mọ̀ láé pé gbólóhùn kan lè jẹ́ ìrẹ̀lẹ̀ lẹ́nu ẹnìkan kó jẹ́ èébú lẹ́nu ẹlòmíràn.

Sí arákùnrin tó kọ̀wé láti Ondó pé bí a bá máa lo ìmóríbọ́, kí a kọ ọ́ ní ùmóríbọ́, nítorí ulé àti ugi ni wọ́n ń wí níbẹ̀, àti pé Ọ̀yọ́ là ń sìn: àwa náà ń sọ ulé ní Àkúrẹ́. Ẹ má fi ulé halẹ̀ mọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò WAEC kò mọ ulé, ẹ lọ bá wọn jà. Bí ẹ bá borí, ẹ wá sọ fún mi, n ó kọ ù- kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó ku ohun kan, òun ló sì mú mi kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ròyìn pé ọmọbìnrin kan ní kíláàsì yín kọ “ọgbọ́nyọ,” ẹ sì fún un ní òdo, torí pé “já bọ́” lẹ kọ, ẹ ò kọ “ó ju fìlà sílẹ̀.” Ọmọ yẹn bi yín pé: ọdẹ tó ti ń sáré láti ìsàlẹ̀ tí fìlà kò bọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tó dé ògiri àpáta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́? Ẹ ò dá a lóhùn. Ẹ kàn sọ fún wa níbí pé ó ń ṣe ojú-mi-là. Èmi ò mọ ọmọ ta ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ka ìtàn yẹn bí ó ṣe yẹ kí wọ́n kà á. Ẹ bá mi dá máàkì rẹ̀ padà fún un kí ẹ tó kó káàdì fún àwọn òbí wọn.

Bí ọ̀mọ̀wé wa bá sì tún fẹ́ bá mi fa yọ́, mo wà nílé. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì sórí lẹ́tà wọn.